Èmi, Dádì Mi àti Ìtàn Pọ́ọ̀lù ní Padova

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Padova ní Ítálì níbí (ẹ má rẹ́rìn-ín o, mo mọ̀ pé ọdún tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé, irùngbọ̀n mi ò sì ju mẹ́ta lọ), èmi ni akọ̀wé ilé wa. Dádì mi ń kó páálí ní magazzino, ilé ìkẹ́rùsí, Italian wọn ò ju ti ẹrù lọ. Bí lẹ́tà bá dé, èmi ni wọ́n ń pè. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ò mọ okùn bàtà ẹ̀ í so ló ń ka lẹ́tà ìjọba fún bàbá ẹ̀.

Ẹ̀yin àbúrò mi, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwé fún wa ní modulo kan, fọ́ọ̀mù tí òbí ń fọwọ́ sí: ṣé ọmọ yín máa jókòó síbi ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Kristẹni, àbí kò ní jókòó? Mùsùlùmí ni wá, ó yẹ kí n fàmì sí "no". Ṣùgbọ́n àwọn tó bá ní "no", ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń kó wọn sí, ojo sì ni mí. Mo fàmì sí "sì", ìyẹn "bẹ́ẹ̀ ni" lédè wọn. Dádì bi mí pé kí ló wà níbẹ̀, mo ní ìwé pé kí wọ́n má fún mi ní ẹlẹ́dẹ̀ jẹ ni. Wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n ní, "O ṣé, ọmọ mi."

Gbogbo ọdún yẹn, ìtàn Pọ́ọ̀lù ni olùkọ́ ń sọ fún wa. Ó ti ń mú àwọn Kristẹni kiri tẹ́lẹ̀, ó wá ṣubú lójú ọ̀nà, kò ríran fún ọjọ́ mẹ́ta, ó dìde, ó di oníwàásù tó ń rìn láti ìlú dé ìlú. Ó ń ṣe àgọ́ tà kó má baà di ẹrù sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Ọkọ̀ ojú omi fọ́ mọ́ ọn lábẹ́, ó gúnlẹ̀ sí erékùṣù Malta nínú òjò. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Àfi ọjọ́ tí olùkọ́ ní Pọ́ọ̀lù kọ lẹ́tà sí àwọn èèyàn ẹ̀ pé kí wọ́n yéé parọ́ fún ara wọn. Ó dà bíi pé èmi gan-an ló kọ lẹ́tà sí.

Ni colloquio bá dé, ọjọ́ tí òbí ń wá rí olùkọ́. Dádì ti ní ọmọ tó bá parọ́ fún àwọn, Ìwó ló ń lọ, sọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ọmọ àdúgbò wa kan ti lọ bẹ́ẹ̀, kò tíì padà. Mo gbàdúrà kí tram, ọkọ̀ ìgboro tó máa gbé wa lọ, bàjẹ́. Kò bàjẹ́.

Olùkọ́ ẹ̀sìn fúnra wọn ló pè wá jókòó. Dádì ní kí n bá àwọn dúpẹ́ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀. Mo sọ ọ́ ní Italian pé, "Dádì mi ní ẹ kú iṣẹ́." Olùkọ́ ní kò sọ́mọ tó mọ ìtàn Pọ́ọ̀lù tó mi. Mo sọ fún Dádì pé, "Wọ́n ní mo ń jẹun dáadáa." Olùkọ́ bá fa àwòrán tí mo yà yọ, ọkọ̀ tó ń rì, ọkùnrin kan nínú ẹ̀.

Dádì wò ó títí. "Ṣé oúnjẹ rèé? Ta ni ọkùnrin yìí?"

Ẹkún ni mo sun. Mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀.

Nínú tram tá a wọ̀ padà sílé, Dádì jókòó tì mí. Wọ́n wá ní, "Sọ ìtàn ọkùnrin yẹn fún mi." Mo sọ ọ́. Nígbà tí mo dé ibi àgọ́ ṣíṣe, wọ́n mi orí.

"Ìtàn yẹn ò burú," wọ́n ní. "Èmi ò bínú pé o gbọ́ ọ. Ojú ẹ ni mo fi ń ríran nílùú yìí, o wá fọwọ́ bò ó."

Wọn ò dá mi padà sí Ìwó. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwé Italian àwọn àgbà. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ ni wọ́n ń lọ, eruku páálí ṣì wà lára wọn.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí. Fóònù ló ń túmọ̀ lẹ́tà fún àwọn òbí yín. Dádì tèmi ò tiẹ̀ nílò fóònù. Bí lẹ́tà bá dé, wọ́n á wọ awò ojú wọn, wọ́n á kà á tán, wọ́n á ká a sínú àpò. Mo máa ń jókòó nítòsí, mo máa ń ṣe bíi pé tẹlifíṣọ̀n ni mò ń wò, bóyá wọ́n á bi mí ní ọ̀rọ̀ kan péré. Wọn kì í bi mí.