Ìyá Àgùdà àti Ọ̀nà Gódómè

Nígbà tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà, Kútọnu kò tíì tóbi tó báyìí rárá, ẹ̀yin ọmọ mi. Yanrìn ni gbogbo ibẹ̀. Gbégamè tí à ń gbé, tí ẹ ń rí bí ilé ṣe há mọ́ra wọn lónìí, igi àgbọn ló pọ̀ ju ilé lọ níbẹ̀ nígbà náà. Àwọn Faransé ló ń ṣe ìjọba, àwa kì í sì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Abẹ́òkúta ni bàbá mi ti wá, láti abẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Télọ̀ ni. Ó fi téèpù kọ́ ọrùn, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó mú ìyá mi lọ́wọ́, ó ní òun fẹ́ lọ wo bí ìlú òkèèrè ṣe rí fún ọdún kan péré. Nínú ọdún kan yẹn ni wọ́n ti bí àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ẹni tó bá wà lájò, ohun kékeré ló fi ń tu ara rẹ̀ nínú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín pé owó ni. Gbogbo àwọn tó wà láyìíká wa ló ń mu kọfí láàárọ̀ bí àwọn Faransé ṣe kọ́ wọn, ṣùgbọ́n bàbá mi kọ̀ jálẹ̀, ó ní ó korò bí ewúro tí wọn kò fọ̀. Tíì lòun ń mu ní tirẹ̀, nínú ife tánganran, pẹ̀lú mílíìkì inú agolo, á sì máa ti búrẹ́dì gígùn àwọn Faransé bọ̀ ọ́ títí ife yóò fi gbẹ. Àádùn ni ti ìyá mi. Àwọn tó ń ti ilé bọ̀ máa ń bá a gbé e wá, á tì í mọ́ inú àpótí aṣọ rẹ̀, á wá máa bu díẹ̀díẹ̀ sí wa lọ́wọ́ bí ẹni ń pín oògùn. Bó bá ti ṣí àpótí yẹn báyìí, kò sí ibi tí a wà tí imú wa kì í gbọ́.

Ṣùgbọ́n èyí tí bàbá mi fẹ́ràn jù ni òkun. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá tètè tán, á wọ fìlà, á fẹsẹ̀ rìn lọ sí etíkun, á ra ẹja sísun tí wọ́n dì sínú ewé, á jókòó sórí ọkọ̀ àwọn apẹja tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, á máa wo omi. Ó ní omi tó ń fọ ẹsẹ̀ òun yẹn, Èkó ló ti ń bọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ó mú mi lọ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fún mi ní ìrù ẹja.

Ní òdìkejì ọ̀nà, nínú ilé tó kọjú sí tiwa, ni ìyá àgbà kan ń gbé, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgùdà. Àwọn baba ńlá rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì tí wọ́n sì padà wá. Ìjọ Kátólíìkì ló ń lọ, ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Opó ni. Ọmọkùnrin kan ló bí, ọ̀gbẹ́ni akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì ìjọba. Àgbọn ni ìyá yìí máa ń rẹ́, á sè é pẹ̀lú ṣúgà títí yóò fi pọ́n, á gé e wẹ́wẹ́, á tà á. Àwa ọmọdé kì í rà á, ó máa ń fún wa ni.

Ẹ sì mọ bí àgbà ṣe máa ń kí ènìyàn nígbà náà. Kì í ṣe irú èyí tí ẹ̀ ń ṣe nísinsìnyí, tí ẹ ó kàn mi orí bí alángbá. Bí ìyá yẹn bá rí mi láàárọ̀, á ní, "Ọmọ mi, o jíire? Bàbá ẹ dà? Ó ti jáde ni? Ibo ló forí lé? Ìyá ẹ ńkọ́? Kí lẹ jẹ lánàá?" Màá dáhùn gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lórí ìkúnlẹ̀. Ẹni tí kò bá bi ọ́ léèrè ará ilé rẹ, kò tíì kí ọ.

Lẹ́yìn náà ni ogun àwọn òyìnbó dé. Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n jọ ń jà lápá kan tẹ́lẹ̀, àárín wọn wá dàrú, wọ́n sì ti ẹnubodè Ìgòlò pa. Lẹ́tà kò wọlé mọ́, àádùn kò wọlé mọ́. Àwa tí a ti abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì wá wá di amí lójú ìjọba. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọkùn, ara ò rọ adìẹ. A gbọ́ pé wọ́n mú ọkùnrin alálùbọ́sà kan, ará wa, nítorí pé ó dúró létíkun ó ń wo ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ní ó ń kà wọ́n fún Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà tí wọ́n ti mú un lọ, kò sí ẹni tó tún rí i.

Ìyá mi bẹ bàbá mi pé kó yé lọ sí etíkun. Bàbá mi ní òun kì í wo ọkọ̀, omi lòun ń wò. Ìyá mi bi í pé ṣé ọlọ́pàá mọ ìyàtọ̀. Ó jókòó sílé fún ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ kẹrin ó tún wọ fìlà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí pé kí ló dé. Wọ́n ti gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ti gba lẹ́tà lọ́wọ́ rẹ̀, mo rò pé ó kọ̀ kí wọ́n gba omi náà mọ́ ọn ni.

Láti ìgbà náà ni a kò ti fọkàn tán ẹnikẹ́ni mọ́. Bí ẹni tó ń ta búrẹ́dì bá dúró pẹ́, a ó ní ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Bí ajá bá gbó, ìyá mi á yọjú. Ògiri létí, òun ni orin tí wọ́n ń kọ sí wa létí láti àárọ̀ dalẹ́. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgùdà ni ojú wa wà lára rẹ̀ jù, nítorí ọmọ rẹ̀ tó wà ní ọ́fíìsì. Gbogbo ìkíni rẹ̀ wá di ìwádìí. "Bàbá ẹ dà? Ibo ló forí lé?" Ìyá mi á wọlé, á ti ilẹ̀kùn, á ní, "Kí ló fẹ́ fi ibi tí ọkọ mi ń lọ ṣe?" Àgbọn tó fún wa, ìyá mi gbà á lọ́wọ́ wa, ó dà á sílẹ̀ fún adìẹ, ó sì jókòó tì wọ́n títí di ìrọ̀lẹ́ bóyá wọn yóò kú. Wọn kò kú. Inú wa bàjẹ́ gidigidi, kì í ṣe nítorí májèlé o, nítorí pé adìẹ jẹ àgbọn wa ni.

Bàbá mi wá pè wá, ó ní bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè ibi tí òun wà, kí a ní a kò mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi ọmọ yìí, ẹnu mi gùn láti kékeré. Lójú tèmi, "mi ò mọ̀" yẹn kò gbọ́n tó. Mo ti ń wá irọ́ tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ náà dé. Ọ̀sán ni, oòrùn mú. Ìyá mi wà lọ́jà, bàbá mi ti wọ fìlà lọ, àwọn àbúrò mi ń sùn. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń ṣa òkúta lára ẹ̀wà. Ni Ìyá Àgùdà bá sọdá wá bá mi, kò sì kí mi. Ẹ gbọ́ o, kò kí mi. Kò bèèrè oorun, kò bèèrè oúnjẹ. Ó kàn ní, "Bàbá ẹ dà? Tètè sọ fún mi."

Bí ẹnikẹ́ni bá ti tọ́ yín dáadáa, ẹ ó mọ̀ pé àgbà tí kò ráyè kí ọmọ, iná ń jó o lẹ́sẹ̀ ni. Ohun tó yẹ kó là mí lójú nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé afura ni mí, ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ó ti bọ́ aṣọ ìyá rere sílẹ̀, ó wá dà bí ọlọ́pàá gan-an. Mo ní, "Ó lọ sí Gódómè, mà."

Ó wò mí. Ó ní, "Gódómè? Kì í ṣe etíkun?"

Ó mọ etíkun! Mo kúnlẹ̀ dáadáa, mo ní Gódómè ni, mo ní ó lọ wọn aṣọ fún ẹnìkan lẹ́bàá oríta, mo ní mo bá a gbé téèpù rẹ̀ dé ìta. Irọ́ náà ń dùn lẹ́nu mi bí mo ṣe ń pa á. Ìyá àgbà yẹn padà sílé, ó fa igi kúrò lábẹ́ ìkòkò àgbọn rẹ̀, ó fún ìró rẹ̀ mọ́dìí, ó sì forí lé ọ̀nà Gódómè lẹ́sẹ̀. Ẹ mọ ibi tí Gódómè wà. Nínú yanrìn ìgbà yẹn, ìrìn ọ̀dọ́ kọ́ nìyẹn, áńbọ̀sì ti arúgbó. Inú mi dùn. Mo ní mo ti gba bàbá mi sílẹ̀. Mo padà sídìí ẹ̀wà mi, mo ń kọrin.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, apẹja kan gbé fìlà bàbá mi wá fún wa. Ó ní àwọn ọlọ́pàá tú gbogbo etíkun láti òkè dé ìsàlẹ̀, gbogbo ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú tí wọ́n bá níbẹ̀ ni wọ́n kó. Ó ní bàbá mi kò tíì jẹ ẹja rẹ̀ tán. Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó káwọ́ lórí. Ibẹ̀ la wà tí Ìyá Àgùdà fi wọlé. Eruku ti kun ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun dé orúnkún, ó di ògiri mú kó tó lè dúró. Ìyá mi gbójú sókè, ó ní, "Ẹ ti rí ohun tí ẹ̀ ń wá. Ẹ máa lọ sílé yín."

Ìyá àgbà náà la ẹnu. Ó wò mí. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti dàgbà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti wò mí láyé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tún wò mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo mọ̀ nígbà náà, bí mo ṣe kéré tó. Ẹni tó fẹ́ fa ènìyàn lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ kì í fi ẹsẹ̀ rìn dé Gódómè lọ wá a. Mo ń retí kó sọ ọ́. Ká ní ó sọ ọ́, ìyá mi ìbá pa mí. Ó kàn ní, "Mo pẹ́, ìyàwó. Mo pẹ́ jù." Ó sì jáde.

Òjò méjì ni bàbá mi fi la ọ̀nà lápá àríwá lọ́hùn-ún fún àwọn Faransé kí àárín Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì tó tún gún, tí wọ́n wá dá wọn sílẹ̀. Ó kó ikọ́ bọ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò sì lè di sísọ́ọ̀sì mú dáadáa mọ́, ìyá mi ló ń bá a gé aṣọ. Tíì rẹ̀ kò dúró, ṣùgbọ́n kò tún lọ sí etíkun títí ó fi kú. Orúkọ ẹnìkan ṣoṣo ló sì wà lẹ́nu rẹ̀ pé ó ta òun. Gbogbo àwọn ará wa ní Gbégamè gbọ́, wọn kò ra àgbọn lọ́wọ́ ìyá náà mọ́, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà á nù. Ó ṣì ń kí wa láàárọ̀. "Ẹ kú o," á ṣe bẹ́ẹ̀ kọjá. Kò tún bi ẹnikẹ́ni nínú wa léèrè ibi tí a ń lọ. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ǹ bá ti sọ òtítọ́ lọ́jọ́ kejì. Ǹ bá ti sọ ọ́ nígbà tí bàbá mi dé. Ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bà mí, lẹ́yìn náà ojú ń tì mí, nígbà tó yá ó ti di àṣà.

Nígbà tí ìyá náà kú, mo ti di ìyàwó ilé. Mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, èmi nìkan nínú ilé wa. Ọmọ rẹ̀ akọ̀wé, tó ti ní ewú lórí, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní òun fẹ́ kí n gbọ́ ohun kan, pé lọ́jọ́ tí wọ́n mú bàbá mi, òun rí ìwé àṣẹ láti kó àwọn àlejò ní ọ́fíìsì, òun sá wálé lọ́sàn-án kí ìyá òun lè bá òun pè é kúrò létíkun. Ó ní, "Ṣùgbọ́n màmá ní òun kò bá ẹnikẹ́ni nílé yín."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní a kò sí nílé.

Ayé ti yí. Kútọnu ti yí, ọ̀dà ti bo yanrìn, ẹ̀ ń gun zẹ́mì, ọ̀kadà tiwa, dé Gódómè kí omi tó hó lórí iná. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Paris àti ibòmíràn, àwọn náà wà lájò, fóònù ni wọ́n fi ń rí ojú ìyá wọn. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ sì máa ń bi ara yín lórí fóònù ni pé, "Níbo lo wà?" Ẹni tó wà lórí ibùsùn á ní òun ti wà lọ́nà, ẹ ó sì jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ ń bi mí ìdí tí èmi kì í fi í bá yín rẹ́rìn-ín, ẹ ní màmá ti le jù. Ìdí rẹ̀ nìyẹn. Bàbá mi ti lọ, ìyá mi ti lọ, akọ̀wé náà ti lọ. Nínú gbogbo àwọn tó yẹ kó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, kò ku ẹnìkan láyé, ẹ̀yin ni mo sì kọ́kọ́ sọ ọ́ fún.