Ọjọ́ Tí Ìjàpá Bàbá Mi Jáde Nílé

Ọkọ̀ bàbá mi kì í ṣe ọkọ̀ tí èèyàn ń fi ṣe fújà. Ìjàpá ni, ọkọ̀ kékeré olórí roboto ayé àtijọ́ yẹn tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ju méjì lọ. Òun ló fi gbé ìyá mi wálé lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn. Òun ló fi ń gbé èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ sílé ìwé, inú rẹ̀ náà ni mo sì ti kọ́ mọ́tò wíwà ní àdúgbò wa ní Sùúrùlérè. Bó bá ti yà wọ àdúgbò, gbogbo ilé ló mọ̀ pé tíṣà, bàbá mi, ti dé, torí kò sí mọ́tò mìíràn tó ń pariwo bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá pè é ní pàǹtí lójú mi, ìjà ni.

Ìgbà tí rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá mi ni ọ̀rọ̀ yí padà. Apá ọ̀tún rẹ̀ kò lágbára mọ́, ọ̀rọ̀ sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọsibítù ní ká máa gbé e wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún eré ìmáralé. Ẹ wá wo bí a ṣe ń ki ọkùnrin gíga yẹn bọ inú ìjàpá: èmi á fa ẹsẹ̀, ọkọ mi á ti ẹ̀yìn, orí rẹ̀ á gbá òrùlé. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ kú mọ́ wa lọ́wọ́ ní Ojúẹlẹ́gbà. Oòrùn ń pa wá, bàbá mi ò sì lè jáde. Mo ta táyà nípàá, mo bú ọkọ̀ náà bí ẹni ń bú èèyàn. Bàbá mi yọjú lójú fèrèsé.

"Má bínú sí i," ó ní.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Yábàá ló rí ẹnì kan tó ń ta ọkọ̀, tó gbà láti gba ìjàpá náà, ká fowó lé e, kó fún wa ní ọkọ̀ ńlá onílẹ̀kùn fífà. Gbogbo wa la máa gbà sínú rẹ̀, bàbá mi ò sì ní máa káwọ́ kásẹ̀ kó tó jókòó. Ìmọ̀ràn gidi ni. Ohun tó kù ni ẹni tó máa sọ fún un. Láti ìgbà àìsàn náà, nǹkan kékeré ló ń mú un sunkún, dókítà sì ti kìlọ̀ pé ká má bà á lọ́kàn jẹ́.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká sọ fún Dádì," mo ní.

"Jọ̀ọ́, má dá wàhálà sílẹ̀. Ṣé kó máa sunkún lójú àlejò ni? Mo ti mọ bí a ṣe máa ṣe é."

Nílé wa, ọkọ̀ kankan kì í jáde kí bàbá mi má gbàdúrà sí i. Á gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, gbogbo wa á dijú. Ó kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi títí irun rẹ̀ fi funfun. Ọmọ tó bá lajú nígbà àdúrà, ẹgba ni. Òun fúnra rẹ̀ kò ní lajú títí a ó fi ṣe Àmín, bí ilé tilẹ̀ ń jó. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi dá lé. Bí bàbá bá ti ń gbàdúrà sí ọkọ̀ tuntun, kí dírẹ́bà oníṣòwò yẹn wa ìjàpá jáde lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá béèrè, ká ní ó wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, títí ara rẹ̀ á fi mọ́ tuntun. Mo jannu, jannu, mo gbà.

Ní Sátidé, bàbá mi fi ọ̀pá rìn jáde, ó wọ bùbá funfun. Inú rẹ̀ dùn sí ọkọ̀ náà, mo rí i. Ó gbé ọwọ́ òsì lé bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Olúwa... a dúpẹ́... fún ọkọ̀ yìí..."

Lẹ́yìn wa, ìjàpá wúkọ́, ó sì figbe ta. Gbogbo wa tí a pe ara wa ní ọ̀mọ̀wé, ojú la rò, a ò rántí etí.

Bàbá mi dá àdúrà dúró. Kò lajú. Ó tẹ́tí sí ọkọ̀ náà bó ṣe gba géètì jáde, bó ṣe bọ́ sí kòtò tó wà ní ìparí àdúgbò, títí tó fi ku ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò nìkan. Omi ń jáde lábẹ́ ìpéǹpéjú rẹ̀ tó dì. Ó dùn mí débi pé mo fẹ́ sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ náà.

"Ó ti lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ẹ ò... jẹ́ kí n dágbére fún un."

Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Bàbá mi fọwọ́ kàn án lórí, kò bínú. Ì bá sàn fún mi kó bínú. Ó kàn yíjú padà wọlé, kò sì gbọ́wọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́. Kò sẹ́ni tó ṣe Àmín.

Nígbà tó di ọjọ́ ọsibítù, wẹ́rẹ́ ló wọlé, ó jókòó síwájú, orí rẹ̀ ò gbá nǹkan kan. Mi ò tíì ṣáná sí ọkọ̀. Mo ń dúró dè é.

"Dádì, àdúrà."

Iwájú ló ń wò. "Ìwọ lo lọkọ̀ báyìí," ó ní. "Gba àdúrà náà."

Láti kékeré mi, mi ò gbàdúrà lójú ọkùnrin yìí rí kó má bá mi parí rẹ̀. Mo di sítẹ́ẹ̀rì mú. Mo wò ó, bóyá ó máa yí ọkàn padà. Ó ti dijú, ó ń dúró láti ṣe Àmín fún mi.