Bàbá Mi Láìdé Fìlà

Ọkàn mi ò balẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Mò ń jókòó, mò ń dìde, oúnjẹ ò ládùn lẹ́nu mi. Ìpàtẹ àwòrán àwa akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì ló ń bọ̀, ẹ̀bùn sì wà fún ẹni tó bá gbégbá orókè. Kì í kúkú ṣe ẹ̀bùn yẹn ni mò ń lé. Bàbá mi, tó ń ṣiṣẹ́ báǹkì ní GRA ìlú Benin, ti bá mi ṣàdéhùn pé bí mi ò bá gba ipò kìíní, mo máa fi àwòrán yíyà sílẹ̀, mo máa lọ kọ́ ìṣirò owó, kí àwọn lè wáyè fún mi ní báǹkì. Wọ́n ní ọ̀dà kì í bọ́ èèyàn. Mo gbà, torí ìgbà yẹn, ìgboyà ni mo ní, mi ò ní ọgbọ́n.

Bàbá mi gan-an ni mo yà. Bí wọ́n ṣe máa ń sùn lọ sórí àga ní pálọ̀ wa ní Uwasota tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé ni mo yà wọ́n: táì ṣì wà lọ́rùn, bàtà ẹsẹ̀ kan ti bọ́, orí ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọn ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ rí i, lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú ìpàtẹ. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n pòṣé. Wọ́n ní ta ló ń ya bàbá ẹ̀ láìdé fìlà? Ṣé kí àwọn ará ìlú wa tí a jọ ń ṣèpàdé ní Benin lè máa sọ pé ìyàwó ò tọ́jú ọkọ ni? Wọ́n ní àwòrán àgbà ti ní bó ṣe ń rí: fìlà lórí, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún, ojú á là kedere.

Mo ráhùn, mo jiyàn, ṣùgbọ́n ìyá ẹni kì í ṣe ẹni tí à ń bá jiyàn pẹ́. Mo kun fìlà búlúù sórí bàbá mi. Nígbà tí mo fẹ̀yìn rìn láti wò ó, inú bí mi burúkú. Ta ló ń dé fìlà sùn? Bàbá mi wá dà bí òkú tí wọ́n tẹ́.

Òjò ò jẹ́ kí ọ̀dà náà gbẹ, òun ló ṣàánú mi. Láàárọ̀ ọjọ́ ìpàtẹ, mo rẹ àkísà sínú kẹrosíìnì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu fìlà kúrò. Àṣejù ni baba àṣetẹ́: mo nù ún títí irun fi bá a lọ. Àbàwọ́n búlúù wá dúró síwájú orí bí èéfín. Kò sí àyè àtitún un ṣe mọ́. Mo gbé e lọ bẹ́ẹ̀, mo sì ń bú ara mi lójú ọ̀nà.

Àwọn adájọ́ dúró wò ó. Ọ̀kan nínú wọn ní ọwọ́ mi dáa, àmọ́ orí yẹn ò tíì parí. Àwòrán odò kan ló gba ipò kìíní. Mò ń jáde, mò ń wọlé, mi ò mọ ibi tí mo lè sá sí kí bàbá mi tó ti ibi iṣẹ́ dé.

Wọ́n dé gbọ̀ngàn ìpàtẹ náà. Ìyá mi ti sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà pé mi ò mókè. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Iwájú àwòrán náà ni wọ́n gbà lọ tààrà, wọ́n sì dúró síbẹ̀ títí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń kó àga kúrò ní gbọ̀ngàn. Ìyá mi ń bá mi bẹ̀bẹ̀ pé ọmọdé ló ń ṣe mí, pé àwọn ti bá mi sọ ọ̀rọ̀ fìlà. Bàbá mi ò jọ ẹni tó gbọ́. Wọ́n rọra tú táì ọrùn wọn.

“Ṣé bó ṣe máa ń rẹ̀ mí tó nìyí?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mò ń dúró kí wọ́n dá ọjọ́ tí mo máa lọ yí ẹ̀kọ́ mi padà.

Wọ́n tún wò ó.

“Báǹkì yẹn,” wọ́n ní, “má lọ síbẹ̀.”