Àwòrán Àbẹ̀kẹ́ Kò Ní Wọ Pósí

Yéè! Àbẹ̀kẹ́, ikú mú ọ lọ, ó wá ku èmi tí àyà mi ń já lórí gbogbo nǹkan! Ta ni yóò tún máa sọ fún mi pé, "Bàbá Fúnmi, ẹ fọkàn balẹ̀ jàre"? Ìyá Fúnmi, aya àtàtà, òpó tí ilé wa ní Ìgàndó fẹ̀yìn tì, obìnrin tí kì í pariwo, tí kì í sì í yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Bí mo ti ń kọ èyí, mò ń wo ojú sánmọ̀. Mò ń bẹ̀rù kí òjò má lọ sọ ọ̀nà di ẹrọ̀fọ̀, kí ọkọ̀ tó gbé ọ má lọ rì. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé bí mo ti rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò bẹ̀rù mọ́. Òun ni mo fẹ́ sọ lójú gbogbo èèyàn tó bá mú ìwé yìí dání.

Gbogbo ìjọ wa ló mọ̀ pé jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ ló bá ọ jà. Nígbà tí àwọn dókítà fẹ́ fi ìtànṣán jó àrùn náà, wọ́n kọ́kọ́ ya àwòrán inú rẹ, wọ́n sì fi íǹkì fa ilà sí ìsàlẹ̀ ikùn rẹ kí ìtànṣán má baà ṣìnà. Wọ́n kìlọ̀ pé ọṣẹ kò gbọdọ̀ kan ilà náà. Mo wá sọ ara mi di ọlọ́dẹ, mò ń yẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo ìgbà. O ní, "Ẹ̀yin ọkùnrin yìí! Ṣé ilẹ̀ Baruwa ni ikùn mi ni, tí ẹ fi ń ṣọ́ ọ kí ọmọ onílẹ̀ má tún un tà?"

Wòlíì wa ríran pé kí wọ́n fi omi àdúrà wẹ̀ ọ́. Ìyá Ìjọ gbé ọṣẹ dúdú àti kàn-ìn-kàn-ìn tuntun wá. Tọkàntọkàn ló fi ṣe é. Nígbà tó jáde, òógùn bò ó, ó ní òun bá ìdọ̀tí dúdú kan pàdé nísàlẹ̀ ikùn rẹ, ó ṣe agídí títí, ṣùgbọ́n òun ṣẹ́gun rẹ̀ lórúkọ Jésù. Ilà àwọn dókítà ni ìdọ̀tí tó ṣẹ́gun! Mo bú sẹ́kún. Ìwọ bú sẹ́rìn-ín.

A padà sí ilé ìwòsàn kí wọ́n lè tún àwòrán yà. Ibẹ̀ ni dókítà obìnrin kan ti bá wa sọ̀rọ̀. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe ìwádìí: wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rọ méjì wéra, èyí tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀ àti oníhò gbọọrọ tó ń dún bí ẹni ń lu páànù òrùlé. Wọ́n fẹ́ mọ èyí tó ń fi ibi tí àrùn parí sí hàn kedere jù, kí ìtànṣán má baà fo àrùn, kí ó má sì jó ibi tó dára. Ó ní ṣé o lè wọ inú méjèèjì. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè: bí iná bá lọ ńkọ́? Bí ariwo rẹ̀ bá di í létí ńkọ́? O gbé ọwọ́ lé mi lórúnkún. "Bàbá Fúnmi, èmi ni mo fẹ́ wọ ẹ̀rọ, ẹ̀yin lẹ wá ń làágùn." O wá kọjú sí dókítà: "Ẹ yà á. Ẹ máa fi kọ́ṣẹ́, bí mo wà láyé, bí n kò sí."

Etí mi yìí ló gbọ́ ọ.

Ẹ̀rọ kejì fi hàn pé àrùn náà ti ń yọ́ lọ sẹ́bàá àpò ìtọ̀, ohun tí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ kò fi hàn dáadáa. Wọ́n tún ilà fà, wọ́n fẹ̀ ẹ́ sí i, kí wọ́n tó fi ìtànṣán jó àrùn náà. N kò ní parọ́ nínú ìwé ìsìnkú: n kò mọ̀ bóyá àwòrán yẹn ló fún wa ní àkókò tí a tún lò pọ̀. Dókítà pàápàá kò búra. Ó ní ara ẹnì kan ṣoṣo kò tó fi dáhùn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kó ti ọ̀pọ̀ èèyàn jọ. Ṣùgbọ́n o rí ìgbéyàwó Fúnmi. O tún wọ sùtánà funfun rẹ, o padà sáàárín akọrin, o ń gbóhùn sókè ju àwọn tí nǹkan kan kò ṣe lọ. Lẹ́yìn náà ni àrùn padà dé, tí apá kò sì ká a mọ́.

Wàyí o, ẹ̀gbọ́n rẹ, Bùọ̀dá Táyọ̀, kó àwọn àgbà ẹbí wá láti àdúgbò Command. Wọ́n ní, "Àna wa, àwòrán inú rẹ̀ tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ gbé e wá kó bá a wọ pósí. Ẹ sì lọ gba èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn dókítà. Òkú wo ló ń sùn nígbà tí wọ́n ń tan iná wo ìfun rẹ̀?" Wọ́n ní bí n kò bá ṣe é, ẹnikẹ́ni nínú ẹbí kò ní bu yẹ̀pẹ̀ sí ọ lójú sàréè.

Bùọ̀dá, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ẹ kò ní rí i gbà. Ohun tó jẹ́ ti òkú ló ń bá òkú lọ: mo ti fi sùtánà rẹ̀ àti Bíbélì kékeré rẹ̀ sínú pósí. Ṣùgbọ́n ohun tí èèyàn bá ti fi tọrẹ, kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá ká ọwọ́ gbera, èmi àti Fúnmi yóò bu yẹ̀pẹ̀, a ó sì dí sàréè náà títí dópin.

Àbẹ̀kẹ́, mo ti gbé àwọn tó wà nílé fún dókítà náà lánàá. Ó gbé ọ̀kan kọ́ ara ògiri, ó tan iná sí i lẹ́yìn, ó pe àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ní, "Ẹ súnmọ́ bí, ẹ wo ibí yìí." Mo sọ fún wọn pé, "Ìyàwó mi nìyẹn." Gbogbo wọn kí mi.

Wọ́n ní o kò ní lè sùn nínú ìmọ́lẹ̀. Wọn kò mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ọ, nítorí ẹ̀rù olè tó ń bà mí, a kì í paná yàrá wa, ìwọ a sì máa hanrun títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Iná ń bẹ ní títàn, olólùfẹ́ mi. Sùn re o.