Fíìmù Tó Ń Rí Pupa

Òórùn kàfúrà ni. Bí ẹ bá ṣí àpótí aṣọ nínú ilé yìí, tí òórùn rẹ̀ bá gba iwájú mi kọjá, ọwọ́ mi á ti máa wá ọ̀bẹ kiri kí n tó rántí pé ó ti pẹ́. Òórùn bẹ́ẹ̀ ló jáde lára fíìmù ńlá tí sójà kan gbé wá sílé wa ní Àjà-Wẹ̀rẹ̀, nígbà tí mo ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, tí kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí àwọn òyìnbó Faransé gba ilẹ̀ wa, tí ọ̀nà kò sì ju ipa ẹsẹ̀ lọ láàárín oko àgbàdo àti igi ọ̀pẹ.

Onífọ́tò ni ọkọ mi. Àjàṣẹ́ ló ti kọ́ṣẹ́, ó sì gbé àpótí fọ́tò kékeré kan bọ̀ láti ibẹ̀, èyí tó máa ń na imú jáde bí ìgbín tí òjò pa. Èmi, ọmọ àwọn tí ń hun ẹní ni mí, láti Oko-Àkàrè. Kí n tó mọ ọkà rò ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń la òré, koríko tí a fi ń hun ẹní, sí tẹ́ẹ́rẹ́ láìwò ó. Nígbà tí wọ́n sọ fún mi pé onífọ́tò ló fẹ́ fẹ́ mi, mo rò pé n ó kàn máa jókòó lórí àga ni, kí ó máa yà mí lójoojúmọ́. Èrò ọmọdé. Ọdún méjì kọjá, n kò rí àwòrán ara mi kan ṣoṣo, torí fíìmù kò pọ̀ tó èyí tí wọ́n ń fi ṣòfò lára ìyàwó.

Ọ̀rọ̀ Ìkpinlẹ̀ ló dójú tì wá. Baálé kan níbẹ̀ ránṣẹ́ pe ọkọ mi pé kó wá ya ìyá òun ní fọ́tò. Arúgbó kùjọ́kùjọ́ ni ìyá náà, láti kékeré ló ti ń bọ òrìṣà rẹ̀, kò sì dájú pé yóò tún rí ọdún méjì mọ́. Ó kun osùn láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó ró aṣọ funfun, ó jókòó. Nígbà tí fọ́tò jáde, aṣọ hàn, àga hàn, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ hàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n níbi tó yẹ kí ojú wà, dúdú ni, bí ìdí ìkòkò. Kò sí imú, kò sí ẹnu. Ilà tí a ń kọ sójú ní ilẹ̀ wa, tí a fi ń mọ ọmọ ẹni, kò sí ẹyọ kan. Fíìmù ayé ìgbà náà kò mọ pupa rárá. Ohun tó bá pupa, dúdú ló ń pè é. Ara wa tó dúdú, tí a tún wá fi osùn kùn, kí ló máa rí níbẹ̀? Baálé wò ó títí, ó ní, “Onífọ́tò, ìyá mi lo yà, tàbí èédú?” Kò pariwo. Ó ní bí ọkọ mi kò bá mú ojú ìyá òun wá kí ìyá náà tó kú, kó má ṣe gbé àpótí yẹn gba Ìkpinlẹ̀ kọjá mọ́ láyé, torí ẹni tó pa ojú àgbà rẹ́ nígbà tí àgbà ṣì wà láàyè, kì í ṣe ẹni tí à ń gbà sílé.

Ọ̀rọ̀ náà tàn dé gbogbo abúlé. Kò sẹ́ni tó pe ọkọ mi mọ́. Ibi tó sì ti fẹ́ tún un ṣe, kò rí ohun tí yóò fi ṣe é, nítorí ilé ìtajà tó ń lọ ní Àjàṣẹ́ sọ pé irú fíìmù tó wọ àpótí rẹ̀ kò wá mọ́. Ó gbé ọkọ́, ọwọ́ rẹ̀ bó. Ìyá rẹ̀, tí kò fẹ́ràn iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, a máa bi í lórí oúnjẹ pé, “Ọmọ mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé Àjàṣẹ́, ṣé àpótí yẹn kò ṣe é fi gbin àgbàdo ni?” Ọkọ mi ti pinnu pé bí òjò bá dá, òun yóò dá àpótí padà fún ọ̀gá òun.

Àsìkò yẹn ni ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kan, sójà tí mo wí yẹn, ti ogun àwọn òyìnbó dé, pẹ̀lú agolo ńlá kan. Ó ní fíìmù tí wọ́n fi ń ya ilẹ̀ láti inú ọkọ̀ òfuurufú ni, wọ́n fẹ́ dà á nù lòun bá gbà á. Ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì àgbàlagbà, bí a bá sì tú u, yóò yí ilé wa po. Bọbíìnì tiwa, ìyẹn igi kékeré tí wọ́n ń ká fíìmù mọ́, kò ju ìka mẹ́rin lọ. Ọkọ mi wọ yàrá tí a ń kó àgbàdo sí, tí kò ní fèrèsé, ó tan àtùpà tó fi aṣọ pupa bò, ó sì fi àlùmọ́gàjí gé fíìmù náà. Etí rẹ̀ rí págunpàgun bí eyín ayùn. Ó wá ní kí n jókòó kí òun fi mí dán an wò. Ọjọ́ tí mo ti ń retí láti ọdún méjì. Mo gbé àgbọ̀n sókè bí aya òyìnbó kòmáńdà. Nígbà tó fọ fíìmù náà tán, ó dúdú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí èmi, kò sí àga.

“Ó ti bàjẹ́ láti ìlú òyìnbó,” ló wí.

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ fi tan àtùpà nígbà tí ẹ ń gé e?”

“Àtùpà pupa ni. Fíìmù kì í rí pupa. Ohun tí ọ̀gá mi kọ́ mi nìyẹn.”

“Ṣé ọ̀gá yín rí irú èyí rí?”

Ó wò mí. “Ìyàwó, ọjọ́ wo lo di onífọ́tò?”

“N kò di onífọ́tò. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, adìẹ kì í ríran mọ́, òkété sì ń rí ọ̀nà rẹ̀. Bí ti àtijọ́ bá jẹ́ adìẹ, ta ló sọ fún yín pé èyí kì í ṣe òkété?”

Ìyá rẹ̀ gbọ́ láti ìdí ààrò, ó ní, “Ẹ gbà mí, ìyàwó ti ki òkété bọ inú fọ́tò.” Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọkọ mi ló kọ́kọ́ tán. Ó padà sínú yàrá, ó já fíìmù díẹ̀ nínú òkùnkùn biribiri, ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lórí, ó wá ṣí àtùpà pupa sí i. Nígbà tó fọ̀ ọ́, gbogbo rẹ̀ dúdú, àfi ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà, tó mọ́ roro. Ó jókòó sílẹ̀.

“Ó ń rí pupa, ìyàwó. Ó ń rí i.” Lẹ́yìn náà ló wá mí kanlẹ̀. “Ta ló wá lè gé ohun tí kò rí?”

Mo ní kó fún mi ní ọ̀bẹ tí mo fi ń la òré.

Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi kọ́ ọ lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ojú mi ní dídì, tí ìyá ọkọ mi ń kó àjákù ewé fún ewúrẹ́, tó ń sọ pé ó kéré tán, ewúrẹ́ rí ti fọ́tò jẹ. Mo gé ọparun kan kó bá bọbíìnì dọ́gba gẹ́lẹ́, òun ni ìwọ̀n mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹfà, mo wọ yàrá àgbàdo, ọkọ mi fi amọ̀ dí gbogbo ihò láti ìta. Ooru ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Mo fi gèlè di iwájú orí mi kí òógùn má bàa kán sórí fíìmù. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. N kò tíì fẹ̀sọ̀ mú ohunkóhun tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo tẹ ọparun mọ́lẹ̀, mo fi èékánná tọ etí rẹ̀, ọ̀bẹ sì ń tẹ̀lé èékánná. Mo gbọ́ tí fíìmù ń là, ṣíṣí, ṣíṣí, bí òré tútù.

“Ìyàwó, ṣé o wà níbẹ̀?” ló ń bi mí láti ìta.

“Níbo ni mo fẹ́ gbà jáde?”

Mo ká a mọ́ ìwé dúdú àlòkù tó wà lára bọbíìnì àtijọ́, èyí tí kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kan fíìmù. Mo tún ní kí ọkọ mi fi ìda dí ojú pupa kékeré tó wà lẹ́yìn àpótí, níbi tó ti máa ń wo nọ́ńbà fọ́tò tó kàn, torí pé pupa tó ba ti àkọ́kọ́ jẹ́ náà ló wà níbẹ̀. Kò bá mi jiyàn mọ́.

Ìròyìn kàn wá pé ìyá Ìkpinlẹ̀ kò jẹun dáadáa mọ́. A gbéra láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Baálé dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò ní ká wọlé. “Èédú mìíràn lẹ tún gbé wá?” Láti inú ilé ni ìyá fúnra rẹ̀ ti dáhùn pé, “Jẹ́ kí wọ́n yà mí. Bí mo bá tún dúdú, a jẹ́ pé bí mo ṣe rí nìyẹn.” Ọkọ mi bẹ̀ ẹ́ pé bóyá kó fọ osùn ojú rẹ̀ kúrò. Ó ní òrìṣà òun kò mọ òun láìsí osùn. Wọ́n gbé e síta, wọ́n kùn ún dáadáa, ó pupa bí epo tuntun. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ọkọ mi yà á, tó ń ka iye ìgbà tó yí kọ́kọ́rọ́ tó ń fa fíìmù sókè ketekete, torí kò rí nọ́ńbà wò mọ́.

Nínú òkùnkùn kan náà ni mo fọ̀ ọ́. Ọkọ mi ń ka ìṣẹ́jú láti ìta, èmi ń mi àwo oògùn tí a fi ń fọ fíìmù láti inú. Lọ́jọ́ kejì ó gbé e lé ìwé fọ́tò, ó tẹ́ ẹ sí oòrùn, a wá jókòó tì í. Aṣọ kọ́kọ́ jáde. Etí jáde. Lẹ́yìn náà ni ojú arúgbó náà yọ sí wa, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń ti inú ilé bọ̀ síta. Ọkọ mi di ọwọ́ mi mú lójú ìyá rẹ̀, ohun tí kò ṣe rí.

Ní Ìkpinlẹ̀, Baálé gbà á, ó wò ó, ó kúnlẹ̀, ó fi lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá fi ìka tọ ilà ojú àwòrán náà, ó ń kà á. “Mẹ́ta rèé. Mẹ́ta tún rèé. Ọwọ́ olóolà yẹn mà dára o.” Ó gbé àwòrán náà sún mọ́ ojú. “Mo ti wá dàgbà tó báyìí, ẹ kò sì sọ fún mi?” Gbogbo agbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ mi wá fi ọwọ́ tọ́ka sí mi, ó ní, “Ìyàwó mi ló gé e, òun ló fọ̀ ọ́.” Baálé ní ojú mi mà mú. Mo ní, “Baba, ojú kọ́, ọwọ́ ni.” Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, Baálé kò jẹ́ kí ọkọ mi gbé ẹrù rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ gbé àpótí fọ́tò náà lé orí, ó gba àárín Ìkpinlẹ̀ kọjá lọ́sàn-án gangan, títí dé ìpẹ̀kun oko wọn, kí gbogbo ayé lè rí i.

Láti ọjọ́ náà, láti Oko-Àkàrè títí dé ibi tí n kò mọ̀, àwọn ènìyàn ń bọ̀. Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ jókòó, ó fi orín fọ eyín láti òwúrọ̀. Mo gé fíìmù ńlá náà tán pátá, n kò sì fi ìka kan ṣòfò.

Ojú mi ti ṣú báyìí, ọmọ mi, ìwọ tó ń bá mi kọ ọ́. Bí mo bá na ọwọ́ wá nǹkan, àwọn ènìyàn á ní yéè, ìyá àgbà ti bọ́ sínú òkùnkùn, wọ́n á sáré wá mú mi. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n mú mi, torí inúure ni. Ṣùgbọ́n èmi kì í bẹ̀rù níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe iṣẹ́ tó dára jù lọ nínú ayé mi.