Bí Bàbá Mi Ṣe Borí Ọlọ́run Ní Pálọ̀ Wa

Ẹnu mi ló fa gbogbo rẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ bàbá mi á mọ̀ pé ẹ̀bi tèmi kéré nínú ọ̀rọ̀ náà.

Nítorí ojú bàbá mi ni mo ṣe wá sílé ní Ìkẹ́rẹ́ láti Ìbàdàn, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní fíṣíìsì. Ojú òsì rẹ̀ ti fọ́ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ojú ọ̀tún tó ṣẹ́ kù ni dókítà ní Adó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún lọ́jọ́bọ̀. Bí iṣẹ́ abẹ náà kò bá yọrí sí rere, bàbá tó ń ka ìwé ìròyìn láti ojú ewé àkọ́kọ́ títí dé ìpolówó òkú á jókòó sínú òkùnkùn títí ayé rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á. Kò sọ ọ́ o! Hẹdimásítà tó ti fẹ̀yìn tì kì í sọ pé ẹ̀rù ń ba òun. Àdúrà ló ń gbà. Láago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀ á ti lu agogo kékeré tó gbé wálé láti ilé ìwé tó ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn ní Emùré (ẹ má bi mí bó ṣe gbé e), gbogbo wa á wọ́ jáde sí pálọ̀, á sì gbàdúrà lórí ojú náà títí orúnkún mi á fi kú.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, a ń jẹ iyán lọ́wọ́ ni àbúrò bàbá mi obìnrin, tí òun náà ń gbé lọ́dọ̀ wa, bá dójú lé mi. Ó ní, "Ìwọ tíṣà yìí, ṣé òótọ́ ni wọ́n ní àwọn ẹ̀dá kan wà nínú ìràwọ̀ lọ́hùn-ún?"

Mo ní, "Ó ṣeé ṣe, Àǹtí. Kódà, ó ṣeé gbà gbọ́ ju àwọn nǹkan mìíràn tá a gbà gbọ́ lọ."

Bàbá mi gbé òkèlè tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Bíi kí ni?"

Ǹ bá ti sọ pé bíi iná mànàmáná. Ǹ bá ti sọ pé bíi ìlérí olóṣèlú. Ṣùgbọ́n ẹnu mi kì í gbọ́ tèmi. "Bíi Ọlọ́run, sà."

Ìyá mi wò mí bí ẹni pé mo ṣubú lulẹ̀ láti orí àjà. Mo ti ń retí kí bàbá mi fi ariwo lé mi jáde, àfi bí mo ṣe rí i tí ojú rẹ̀ kan ṣoṣo yẹn ń tàn yanranyanran.

"Àkòrí gidi nìyẹn," ló wí. "Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ní pálọ̀."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá mi fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní àríyànjiyàn, láti Ìṣẹ̀ dé Emùré, ife ẹ̀yẹ wọn ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù wa títí di òní. Nínú ilé wa, bó o bá fẹ́ sọ pé òjò máa rọ̀, wàá dìde dúró, wàá kí alága ná. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ẹnu yà nígbà tí aago mẹ́rin lù. Ìyá mi ni alága, òun náà sì ni adájọ́, torí tíṣà ni òun náà nígbà tirẹ̀, kì í sì í ṣojúsàájú: ó já mi kulẹ̀ nígbà kan nínú kíláàsì ara rẹ̀. Àǹtí ló ń ṣọ́ àkókò, pẹ̀lú ṣíbí àti agolo mílíìkì. Bàbá mi ká bébà méjì sínú fìlà rẹ̀, ó ní kí n mú ọ̀kan. Mo tú u wò. "Ọlọ́run" ló kọ sí i. Òun ló wá mú àwọn ará inú ìràwọ̀.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣe pàṣípààrọ̀, sà. Ẹ̀yin lẹ gba Ọlọ́run gbọ́."

Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó ta ìbéèrè ìdánwò fún mi. "Ṣé bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn? Ibi tó o mú lo máa gbè."

Ó wọlé, ó lọ wọ táì. Sórí jàlàbíà. Ó jáde, ó kí alága, ó kí adájọ́ tó jẹ́ alága náà, ó kí olùṣọ́ àkókò tí kì í ṣàṣìṣe, inú Àǹtí sì dùn débi tó fi gbàgbé láti lu agolo. Ló bá bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ wo oko mi tó wà lọ́nà Ìṣẹ̀. Bí mo bá kọ ebè kan ṣoṣo, iṣu tí mo gbìn sí i lè hù, ó sì lè jẹrà. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ ebè tí ẹnikẹ́ni kò lè kà tán, ta ló máa sọ fún mi pé ọ̀kan péré ló máa hù? Bí àwọn ìràwọ̀ ṣe pọ̀ tó nìyẹn. A sì ti rí ọ̀kan tó hù! Ilé ayé rèé, àwa rèé nínú rẹ̀, a ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lè ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ńkọ́? Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ní kò sí irú rẹ̀. Kí lẹ fẹ́ fi wé e? Ẹ̀rí dà? Ta ló rí i?"

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" ni ìyá mi ké.

"Adájọ́ kì í pariwo," ni bàbá mi wí, ó sì ń bá a lọ.

Nígbà tó kàn mí, mo dárúkọ igi, mo dárúkọ òkè, mo dárúkọ ọmọ jòjòló, mo ní ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ dá wọn. Bàbá mi nawọ́. "Ta ló wá dá ẹni tó dá wọn?" Ìbéèrè tí mo bi tíṣà ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá nìyẹn o, tó fi nà mí lẹ́gba! Mo tún dárúkọ òkè lẹ́ẹ̀kejì. Àǹtí lu agolo láìtíì tó àkókò. Ó ní àánú mi ló ṣe òun. Bàbá mi ló tún ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí mi láti ẹ̀gbẹ́: "Ó ku ìṣẹ́jú kan. Rántí ìwé Jóòbù! Nàró!"

Ìyá mi kọ máàkì, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. Bàbá mi gba mẹ́rìnléláàádọ́rin. Ọlọ́run, ìyẹn èmi, gba méjìdínlọ́gọ́ta. Ìyá mi sọ báírò mọ́lẹ̀.

"Hẹdimásítà, ẹ ti borí Ọlọ́run nínú ulé mi, lọ́jọ́ Ìsinmi, nígbà tí iṣẹ́ abẹ ku ọjọ́ mẹ́rin! Ẹ lọ bá àwọn ará inú ìràwọ̀ yín, kí wọ́n máa gún uṣu fún yín!" Ó wọ yàrá lọ. Gààrí la mu lálẹ́ ọjọ́ náà.

Mo lọ bá ìyá mi, mo ní kí ló dé tó fi fún Bàbá ní máàkì ọ̀hún. Ó fi ìbínú dá mi lóhùn: "Àwọn ni wọ́n sọ̀rọ̀ dáa jù. Ṣé kí n purọ́ ni?"

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, agogo dún, a jáde, a kọrin. Bàbá mi di ojú. "Ọlọ́run Bàbá wa," ló wí, ó sì dákẹ́. Ó tún un bẹ̀rẹ̀. Ó tún dákẹ́. Àǹtí ṣe "Àmín" láti ràn án lọ́wọ́. Bàbá mi la ojú, ó ní, "Ebè yẹn ò jẹ́ kí n gbádùn."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu mi. Òun kò bá mi rẹ́rìn-ín.

Ó pè mí sẹ́yìnkùlé. "Wá ibi tó ti jò fún mi."

"Kí ni, sà?"

"Ọ̀rọ̀ tí mo sọ. Ibì kan gbọ́dọ̀ wà tó ti jò. Ìwọ lo kàwé. Wá a kó tó di Ọjọ́bọ̀."

Ẹ gbà mí o! Èmi tí mi ò gbàdúrà láti yunifásítì, èmi ni wọ́n wá bẹ̀ níṣẹ́ pé kí n bá wọn wá Ọlọ́run padà, kí n sì yára. Mo gbìyànjú. Mo sọ fún un pé ebè kan ṣoṣo la rí, torí náà a ò lè mọ iye tó máa ń hù. Ó ní ìyẹn kò fi hàn pé Ọlọ́run wà, ó kàn fi hàn pé àwa méjèèjì ò mọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo ní Ọlọ́run kì í ṣe iṣu, a ò lè fi bẹ́ẹ̀ ṣírò rẹ̀. Ó ronú sí i. Mo ti ń yọ̀. Ó ní, "Ó dùn létí. Ẹ̀rí dà?"

Inú bí mi. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n borí yín lẹ́ẹ̀kan péré!"

Òun náà jágbe mọ́ mi. "Borí mi nígbà náà! Ta ló di ọ́ lọ́wọ́ mú?" Omi sì lé ròrò sí ojú tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún yẹn. Ó fẹ́ fìdí rẹmi tọkàntọkàn. Kò kàn mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni.

Ìyá mi ní kí wọ́n pe pásítọ̀. Bàbá mi kọ̀. Ó ní, "Ọmọdé ṣì ni pásítọ̀ yẹn. Mi ò fẹ́ ba ìgbàgbọ́ rẹ̀ jẹ́." Láràárọ̀ ló ń lu agogo, á ní kí kálukú gbàdúrà nínú ọkàn, á sì jókòó tẹtẹrẹ. Ìyá mi ò bínú mọ́. Ó ń gbàdúrà ti ẹni méjì.

Kí n má fi yín sínú ìpayà: ojú náà là. Lánàá yìí ló fi rí àṣìṣe mẹ́rin nínú lẹ́tà tí mo kọ. Ṣùgbọ́n a ò tíì mọ̀ lọ́jọ́bọ̀ yẹn ní Adó. Ìyá mi ti lọ ra oògùn tí wọ́n kọ fún wa, èmi àti bàbá mi la wà lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n ti wọ aṣọ ilé ìwòsàn fún un, aṣọ náà sì tóbi jù ú lọ. Ó di ọwọ́ mi mú. Mi ò rántí ìgbà tó ṣe bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

"Gbàdúrà," ló wí.

"Èmi kẹ̀? Sà, ẹ mọ̀ pé èmi..."

"Mo mọ̀. Gbàdúrà."

Mo di ojú. Gbogbo bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti kúrò lórí mi. Mo ní, ẹ jọ̀ọ́. Mo ní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ojú yìí fọ́, ó ṣì fẹ́ kàwé, ẹ jọ̀ọ́. Bàbá mi ṣe "Àmín" sókè débi pé àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì kejì náà ṣe é.

Nọ́ọ̀sì dé, ó ní, "Bàbá, ó yá." Bàbá mi dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà.

"Ohun tó o sọ yẹn, ṣé o gbà pé ẹnì kan gbọ́ ọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni mo wí, láìṣẹ́jú.

Gbogbo irọ́ tí mo pa láti kékeré ni ọkùnrin yìí mú. Mo dúró, mo ń retí ìbéèrè kejì.

"Ó dáa," ló wí, ó sì tẹ̀ lé nọ́ọ̀sì wọlé.