Ọkọ̀ Bàbá Mi àti Àwọn Àgbà Ọjọ́ Àìkú

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Mamobi, ní Gánà níbí, mo fi ojú ara mi rí bí àwọn àgbàlagbà ọkùnrin ṣe lè dọ̀bálẹ̀ fún ìwà òmùgọ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo mọ̀ pé wọ́n ti kọ́ yín pé a kì í sọ̀rọ̀ òkú láìdáa. Bí wọ́n bá fẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ wọn dáadáa, ṣe ni kí wọ́n ti ṣe dáadáa nígbà tí wọ́n wà láyé.

Bàbá mi ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan, aláwọ̀ ewé, tó ti gbó kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Owó abọ́ tí ìyá mi ń tà ló ra èyí tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n bàbá mi ni wọ́n ń kí ní ọlọ́kọ̀. Abọ́ tánganran ni ìyá mi ń tà ní ọjà Mádínà, àwo, ife àti abọ́ ọbẹ̀ olódòdó tí àwọn ìyàwó tuntun máa ń fẹ́. Ọkọ̀ yìí ló ń gbé ẹrù náà lọ lówùúrọ̀, òun náà ló ń gbé e bọ̀ lálẹ́.

Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Bí bàbá mi bá ti fẹ́ yà sí kọ́nà, ẹ óò máa gbọ́ kó-kó-kó lábẹ́ bí ìgbà tí èèyàn ń kan ilẹ̀kùn. Ọ̀pá irin tó ń yí táyà ọwọ́ ọ̀tún ló ti jẹ. Ẹni tó ní làákàyè yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ fítà, bí a ṣe ń pe mẹkáníìkì níbí, kó bá a pààrọ̀ rẹ̀, kó máa lọ. Bàbá mi ní rárá. Ó ní òun kò lè gbé ọkọ̀ òun fún àjèjì kó lọ yọ ohun rere inú rẹ̀ tà, pé àwọn ọmọ ìlú òun wà níbẹ̀, ilé ni wọn yóò ti tún un ṣe. Ẹ gbọ́ o. Àwa tí a wá bá àwọn ará Gánà nílùú wọn, tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá ní Alátá, àwọn là ń pè ní àjèjì.

Lọ́jọ́ Àìkú ni àwọn ọmọ ìlú wa máa ń péjọ lábẹ́ igi dóńgóyárò iwájú ilé wa. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn jẹ́ bàbá kan tó ń sọ fún gbogbo ayé pé òun wa lọ́rì láti Nàìjíríà wá sí Gánà nígbà ọ̀dọ́ òun. Bàbá onílọ́rì ni wọ́n ń pè é. Ìyá mi máa ń rọra sọ fún wa ní ìdí ààrò pé orí ẹrù ni bàbá náà jókòó sí, pé ẹlòmíràn ló wa lọ́rì. Èyí tó kéré jù nínú wọn sì jẹ́ fítà gidi. Ó ní ṣọ́ọ̀bù sí Kokomlemle, ọkọ̀ oríṣiríṣi ló ń tú tó ń tò láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ṣùgbọ́n tó bá dé ilé wa lọ́jọ́ Àìkú, iṣẹ́ tí wọ́n ń fún un ni kó fi epo pẹtiróòlù fọ bọ́ọ̀tù, kó sì lọ ra obì. Nítorí kí ni? Nítorí pé wọ́n bí i gbẹ̀yìn.

Bàbá onílọ́rì àti bàbá mi lọ sí Agbogbloshie, níbi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ tó ti kú tà, wọ́n sì ra ọ̀pá irin àlòkù kan wálé. Bàbá onílọ́rì gbé e wò lọ́wọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní irin gidi ni. Wọ́n tú ti àtijọ́ jáde, wọ́n tẹ́ irin méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí àpò. Kò sí ẹni tí kò rí i pé tuntun náà kúrú ju ti àtijọ́ lọ. Èmi tí n kò mọ ju kí n máa fọ abọ́ lọ rí i. Fítà wò ó, ó padà sídìí bọ́ọ̀tù tó ń fọ̀. Ẹnì kan wúkọ́. Bàbá onílọ́rì kò wo ojú ẹnikẹ́ni, ó kàn ní, "Ọmọdé lè láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà." Gbogbo wọn dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Òwe yẹn kò bá ọ̀rọ̀ náà mu rárá, àfi bóyá ti àkísà, nítorí àkísà irin ni wọ́n rà.

Ẹ ò rí bí wọ́n ṣe dè é. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe àdúrà. Bàbá onílọ́rì fi sípánà de bọ́ọ̀tù kìíní, ó gbé sípánà fún ẹni tó tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé e fún ara wọn bí ẹni ń pín ẹran iléyá, ní ọjọ́ orí ní ọjọ́ orí. Ìgbà tí yóò fi dé ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n dè, bọ́ọ̀tù ti tán. Irin náà wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ nìkan ló fi di ihò mú. Bàbá mi wa ọkọ̀ dé ìdí mọ́sáláṣí, irin yọ, wọ́n tì í padà wálé. Wọ́n jẹ wáàkyè, ìrẹsì alẹ́wà tí ìyá mi sè, wọ́n ní ó di ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Nígbà tí ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ dé, wọ́n ní bọ́ọ̀tù ni kò dára. Lẹ́yìn ìyẹn, bàbá onílọ́rì ní ayé ló ń ṣe ọkọ̀ náà. Ayé kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Irin ló kúrú.

Ní gbogbo àkókò yìí, ìyá mi kò dé ọjà. Bàbá mi ní kò gbọdọ̀ ru abọ́ wọ tròtrò, ọkọ̀ akérò ibí, kí àwọn ará ìlú má bàa máa sọ pé ìyàwó ọlọ́kọ̀ ń jìyà. Obìnrin tó jẹ́ olórí àwọn tó ń ta abọ́ ní Mádínà wá ránṣẹ́ sí i pé, "Alátá, àyè rẹ ṣófo, àwọn èèyàn sì ń bẹ̀ mí fún un. Bí mi ò bá rí ìwọ àti ẹrù rẹ lọ́jọ́ Ajé, màá gbé e fún ẹlòmíràn." Ìsọ̀ yẹn ni ìyá mi fi ń bọ́ wa. Ibẹ̀ ni owó ilé ìwé wa ti ń wá, ibẹ̀ náà ni owó wáàkyè tí àwọn àgbà ń jẹ ti ń wá.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kángun sí ọjọ́ Ajé náà, wọ́n tún de irin yẹn mọ́ ọkọ̀. Ìyá mi kúrò nídìí ìkòkò, ó wá kúnlẹ̀ níwájú wọn.

"Ẹ̀yin bàbá mi," ó ní, "ṣé ọkọ̀ yìí á gbé mi dé Mádínà lọ́la? Bí kò bá ní í gbé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún mi, kí n lọ wá tròtrò. N kò ní bínú."

Ó ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wo fítà pẹ́. Fítà ń wo bàtà ara rẹ̀. Bàbá onílọ́rì ló dá a lóhùn. Ó ní, "Ìyàwó wa, dìde. Bí ọkọ̀ yìí kò bá gbé ọ débẹ̀, ẹ má pè mí ní àgbà mọ́."

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, a di abọ́ sínú ọkọ̀ títí ìdérí ẹ̀yìn ọkọ̀ kò fi lè pa dé mọ́, okùn la fi so ó. A kò tíì gun òkè Mamobi tán tí irin fi yọ. Ó ń lu abẹ́ ọkọ̀ gbà-gbà-gbà. Ọkọ̀ kò lọ síwájú mọ́, ó ń fà sẹ́yìn, bàbá mi ń tẹ bíréèkì, ọkọ̀ sì gbé ìdí sínú gọ́tà. Okùn já. Ohùn abọ́ tó ń fọ́ pẹ́ kó tó dákẹ́. Èèyàn kankan kò fara pa. Ìyá mi sọ̀kalẹ̀, ó dúró sí etí gọ́tà, ó ń wo àwọn òdòdó ara abọ́ rẹ̀ nínú omi ìdọ̀tí. Mo kórìíra bàbá mi lọ́jọ́ náà, n kò sì ní í sọ fún yín pé n kò kórìíra rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, gbogbo wọn wá kí wa kú ewu. Bàbá onílọ́rì ní ọpẹ́ ló yẹ ká máa dá, pé nǹkan tó ju abọ́ lọ ì bá ti fọ́. Nígbà tí àwọn yòókù lọ tán, fítà dúró lẹ́yìn. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi, ó ní, "Ẹ má bínú, ìyá wa. Mo ti mọ̀ pé irin yẹn kúrú láti ọjọ́ tí wọ́n rà á. Àgbà ló ń ṣe é ni, n kò lè já a nírọ́."

Ìyá mi ní, "Mo kúnlẹ̀ fún ọ lánàá."

Ìsọ̀ Mádínà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì rí irú rẹ̀ gbà mọ́. Orí ló ń fi ru ṣíbí àti ife onírọ́bà kiri títí tí ẹsẹ̀ fi dùn ún. Àwọn ọkùnrin yẹn ń péjọ lọ lábẹ́ igi. Wọ́n sì ń pe bàbá onílọ́rì ní àgbà títí ó fi kú.

Ayé ti yí padà, mo gbà. Àwọn ọmọ òde òní á tẹ́ fóònù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, wọ́n á máa wò ó, wọ́n á máa tú ẹsẹ̀ ọkọ̀. Èyí tí kò tíì hu irùngbọ̀n á sọ fún bàbá rẹ̀ pé, "Daddy, kì í ṣe bẹ́ẹ̀." Mo ti rí i tí ọkọ̀ sì gbéra. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ mi kò rí ọkọ̀ tó gbéra, ẹnu ọmọ ni wọ́n rí. Nínú ìpàdé ọmọ ìlú tó kọjá, tí wọ́n ṣe nínú pálọ̀ mi, ẹkún "ọ̀wọ̀ ti tán láyé" ni wọ́n ń sun láti ìbẹ̀rẹ̀. Ara mi kò gbà á mọ́. Mo sọ ìtàn abọ́ ìyá mi fún wọn bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín yìí. Mo wá ní àbá kan wà tí mo fẹ́ mú wá, pé láti òní lọ, ẹni yòówù tó bá rí i pé àgbà ń ṣìnà, kó sọ ọ́ fún un lójú rẹ̀, àgbà náà kò sì gbọdọ̀ bínú.

N kò tíì sọ ọ́ tán tí gbogbo wọn, tọmọdé tàgbà, fi ń mi orí pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màámá. Òótọ́ ni, Màámá." Mo ní ṣé kò sí ẹni tó ní ohun mìíràn lọ́kàn. Wọ́n ní kò sí. Mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan sì wà nínú wọn tó ń wo bàtà ara rẹ̀. Èmi ni mo dàgbà jù nínú pálọ̀ náà.